Òpó Tí Mo Fá Dán

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí bí ìwé mi ṣe rí. Kíláàsì kejì ní sẹ́kọ́ńdìrì ni mo dé kí n tó dúró sí ṣọ́ọ̀bù bàbá mi, láti ìgbà náà sáńpépà ló wà lọ́wọ́ mi, kì í ṣe bírò. N kò mọ ọ̀rọ̀ ńlá. Bí mo bá sì wà láàárín èèyàn, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí ní Kàbà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kì í jáde lẹ́nu mi, ilẹ̀ ni mo máa ń wò. Ìdí nìyẹn tí mo fi ra ìwé yìí.

Gbogbo yín lẹ ti gbọ́ pé ọkọ̀ Bọ̀dá Ìdòwú gbókìtì nígbà tí a ń lọ sí Gòmbè, pé ẹ̀gbọ́n mi Dúpẹ́ kú, pé èmi yè. Ẹ ń bi mí pé báwo ni Òkè Ọya lọ́hùn-ún ṣe rí. N ó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni nínú yín kò bi mí, òun gan-an ni mo fẹ́ kọ.

Ṣọ́ọ̀bù

Bàbá mi, jórinjórin ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lójú ọ̀nà Lọ́kọ́ja, níbi tí ẹ ti ń rí àwọn ọkọ̀ tí kò ní ilẹ̀kùn. Bọ́ọ̀sì tí wọ́n bá kó wọ̀lú, orí rẹ̀ máa ń kéré lójú ẹni tó rà á. Èrò ní láti bẹ̀rẹ̀ kó tó wọlé, àwọn àgbàlagbà a sì máa ráhùn. Nítorí náà bàbá mi á gé orí ọkọ̀ kúrò lára àwọn òpó rẹ̀, bí ẹni ṣí ìdérí ìkòkò. Á jó irin mìíràn lé òpó kọ̀ọ̀kan kí ó lè ga, á gbé orí ọkọ̀ padà, á jó o pọ̀, á wá gbé kárià lé e fún iṣu. Gbogbo wa la mọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Bó bá wọ gárééjì, àwa náà la ń sọ pé, “Èyí ga, ọkọ̀ èèyàn nìyí.”

Lẹ́yìn ìyẹn ni iṣẹ́ kan èmi. Ibi tí wọ́n bá ti jó irin máa ń wú bí ojú ọgbẹ́ tó jinná. Bàbá mi á fi pọ́tì bò ó, ohun kan bí amọ̀ tó máa ń gan bí òkúta, èmi á sì fi sáńpépà fá a. N ó fá a títí àtẹ́lẹwọ́ mi kò ní mọ ibi tí irin àtijọ́ parí sí. Bí wọ́n bá ti kùn ún lọ́dà, kò sẹ́ni tó lè sọ pé wọ́n gé e rí. Ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ọ́n ṣe láyé nìyẹn. Àwọn dẹ́rẹ́bà ń pè mí ní Ọlọ́wọ́ Dídán, inú mi sì máa ń dùn bí wọ́n bá pè mí bẹ́ẹ̀.

Ọkọ̀ Bọ̀dá Ìdòwú wà lára èyí tí mo fá. Òpó tó wà lọ́wọ́ òsì, lẹ́yìn àga dẹ́rẹ́bà, ni mo pẹ́ lórí rẹ̀ jù, nítorí pé irin rẹ̀ kò bá ara wọn mu dáadáa. Ìgbà tí mo parí rẹ̀, bàbá mi gbé ọwọ́ lé e, ó ní, “Ìyá mi, o ti ju èmi lọ.” Ìyá mi ló ń pè mí, torí pé Yétúndé ni mò ń jẹ́.

Ọkọ Dúpẹ́ ń ṣe tíṣà ní Gòmbè. Dúpẹ́ ń kó lọ bá a, èmi sì ń sìn ín lọ kí n lè bá a tún ilé ṣe fún oṣù kan. Bọ̀dá Ìdòwú ń kó iṣu lọ síbẹ̀, ló bá ní kí a máa bá òun lọ. Ìgbà tí a dé ẹnu ọkọ̀, Dúpẹ́ fẹ́ lọ jókòó sẹ́yìn pátápátá.

Mo ní, “Jókòó síbí. Èmi ni mo fá òpó yìí.”

“Ìwọ? Níbo ni wọ́n ti gé e?”

“Wá a.”

Ó fi ọwọ́ pa á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tún fi èékánná wá a. “Irọ́ lò ń pa. Wọn ò gé èyí rárá.”

Mo rẹ́rìn-ín. Ó jókòó síbẹ̀, èmi sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Òkè

Mo ti rò pé bí a bá kọjá Àbújá, ibi gbogbo yóò gbẹ, yóò gbóná. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí a gun òkè Jọ́ọ̀sì, òtútù mú mi tí eyín mi ń lu ara wọn. Òkúta jókòó lé òkúta bí ẹni pé ẹnì kan tò wọ́n síbẹ̀ tó gbàgbé wọn. Wọ́n fi igi ẹlẹ́gùn-ún kan tí kò ní ewé ṣe ọgbà yí oko wọn ká, ó ga ju èèyàn lọ. Ojú mi kò gbà á, mo ń wò ó ṣáá.

“Yétú,” Dúpẹ́ ní, “o ò ní sọ̀rọ̀ títí a ó fi dé Gòmbè ni?”

“N ó sọ bí a bá débẹ̀.”

“Áà! A jẹ́ pé ẹrù ni mo gbé, kì í ṣe èèyàn. Bọ̀dá Ìdòwú, ẹ bá mi gbé ọmọ yìí sórí kárià pẹ̀lú iṣu.”

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín.

Níbi tí a ti dúró jẹun, ìyá kan ń ta ọ̀dùnkún funfun tí wọ́n sè. Mo kúnlẹ̀ kí i, kí n tó mọ̀, mo ti ní, “Òkun o.” Ìyá náà wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹlòmíràn ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé mo ti di àlejò. Ìkíni tí a fi ń mọ ara wa láti Kàbà títí dé Ìsánlú kò rí ibi kankan balẹ̀ sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá náà fa mí dìde, ó bu ọ̀dùnkún kan sí mi lọ́wọ́, ó kọ̀ láti gba ohunkóhun. Dúpẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí a fi kọjá Bàúṣì. “Òkun o, Ìyá Ọlọ́dùnkún!”

Lẹ́yìn Bàúṣì ilẹ̀ tẹ́jú, ojú ọ̀run sì fẹ̀ ju ti ọ̀dọ̀ wa lọ, bóyá torí pé kò sí òkè tó dì í mú. Oòrùn ọ̀sán wọlé láti fèrèsé. Dúpẹ́ gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé òpó.

“Ó tutù,” ó ní. “Ọwọ́ rẹ dára, Yétú.”

Ó sùn.

Kòtò

Táyà ẹ̀yìn ló bẹ́. Òótọ́ ni ìyẹn, n kò bá yín jiyàn. Ọkọ̀ náà ta síbí, ó ta sọ́hùn-ún, iṣu orí rẹ̀ sì fà á, ó wọ inú kòtò ẹ̀gbẹ́ títì, ó yí. Kò yí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ó fi orí rẹ̀ balẹ̀, ó sì dúró bẹ́ẹ̀.

Bí a bá sọ pé ọkọ̀ gbókìtì, ẹ̀yin náà lè rò bí mo ṣe ń rò tẹ́lẹ̀, pé yíyí náà ló ń pa èèyàn. Kì í ṣe yíyí. Nígbà tó yí, a ṣì ń pariwo, gbogbo wa. Ìgbà tí orí ọkọ̀ wọlé wá bá wa ni ariwo kan dákẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Lápá ọ̀dọ̀ mi, ẹ̀yìn àga iwájú gbé orí ọkọ̀ ró díẹ̀, àyè kan wà níbẹ̀ bí inú àpótí, inú rẹ̀ ni mo wà. Lápá ọ̀dọ̀ Dúpẹ́ kò sí àyè. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó gbóná. Mo ń pè é, mo sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà ju bí mo ti sọ̀rọ̀ rí láyé mi lọ.

Àwọn tó wà lóko ló kọ́kọ́ dé, ọkọ́ ṣì wà léjìká wọn. “Sánnù, sánnù,” ni wọ́n ń sọ, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Wọ́n fi igi àti jáàkì gbé ọkọ̀ náà sókè díẹ̀díẹ̀. Aṣọ mi ti ya. Àwọn ọkùnrin tó fà mí jáde yí ojú wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí wọ́n má baà wò mí, wọ́n ń fi ọwọ́ wá mi bí afọ́jú. Ìgbà tí wọ́n gbé Dúpẹ́ jáde, ọ̀kan nínú wọn bọ́ ẹ̀wù ọrùn rẹ̀, ó fi bò ó, ó sì dúró síbẹ̀ pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì nínú oòrùn. N kò mọ orúkọ rẹ̀. Wọ́n tún gbé ọkùnrin tó jókòó lẹ́yìn Dúpẹ́ jáde, wọ́n wá aṣọ bo òun náà.

Bàbá arúgbó kan fi Yorùbá bá mi sọ̀rọ̀, Yorùbá Ìlọrin. “Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Má wo ẹ̀yìn.”

Mo wo ẹ̀yìn. Mo rí òpó mi. Kò tẹ̀, kò sì ya. Ó yọ ni, níbi tí bàbá mi ti jó o gan-an, ó mọ́ tónítóní bí ìgbà tí èèyàn bá yọ ẹ̀kọ lára ewé. Pọ́tì mi ṣì wà létí rẹ̀, ó funfun.

Ilé Bàbá Gárúbà

Orúkọ bàbá náà ni Gárúbà. Wọ́n gbé Dúpẹ́ lọ sí ilé òkú, wọ́n rán ọgbẹ́ orí mi, wọ́n gbé Bọ̀dá Ìdòwú lọ torí apá rẹ̀ tó dá. Ọkọ Dúpẹ́ dé, ó ń ti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá lọ sí ọsibítù, ó ń ti ọsibítù bọ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, n kò sì lè máa tẹ̀lé e kiri. Bàbá Gárúbà ní kí ó fi mí sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyàwó òun. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo lò níbẹ̀.

Orúkọ ìyàwó rẹ̀ ni Àdámá. Kò gbọ́ Yorùbá, èmi náà kò gbọ́ Hausa ju sánnù lọ. Ní ilé wọn, wọn kì í bi àlejò léèrè ohunkóhun kí ó tó jẹun, bí n kò sì ṣe lè jẹun, ẹnikẹ́ni kò bi mí ní nǹkan kan. Túwó ni wọ́n gbé síwájú mi, pẹ̀lú ọbẹ̀ ewé osè tó ń yọ̀. Èmi tí mo ti ń gbé iyán mì láti kékeré, òkèlè kan ni mo bù, mo dá a padà sínú àwo. Àdámá gbé e kúrò, ó gbé kúnnú wá. Ìyẹn lọ.

Lẹ́yìn náà ó jókòó sẹ́yìn mi, ó gbé orí mi lé orúnkún rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ gíláàsì kúrò nínú irun mi. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló ń yọ, ó ń jù ú sínú àwo irin, ó ń dún. Ó ń bá mi sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ ní èdè rẹ̀ ní gbogbo àkókò náà. N kò mọ ohun tó ń sọ. Bóyá ìtàn ọmọ tirẹ̀ ló ń sọ, bóyá ohun tí yóò sè lálẹ́ ni. Títí di òní, bí ọkàn mi bá dàrú, ìró àwo irin yẹn ni mo máa ń gbọ́.

Lọ́jọ́ kẹta Bàbá Gárúbà mú mi lọ kó ẹrù wa ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé jórinjórin lòun náà, pé Ìlọrin ló ti kọ́ṣẹ́. Ọkọ̀ tó bá ṣubú lágbègbè yẹn, ọgbà rẹ̀ ni wọ́n máa ń fà á wá. Ọkọ̀ wa wà níbẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni bọ́ọ̀sì funfun kan wà, irú kan náà, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ kúrú. Ara rẹ̀ wó níbí, ó wó lọ́hùn-ún.

“Kòtò kan náà ni èyí ṣubú sí,” bàbá náà ní. “Òun náà fi orí balẹ̀.”

“Àwọn tó wà nínú rẹ̀ ńkọ́, Bàbá?”

“Wọ́n fẹsẹ̀ ara wọn rìn jáde. Ọ̀kan tiẹ̀ ń bi mí pé ṣé mo rí bàtà òun.” Ó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀. “Wọlé.”

Mo bẹ̀rẹ̀ kí n tó lè wọlé. Mo jókòó sí àga kejì, lọ́wọ́ òsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, níbi tí mo ní kí Dúpẹ́ jókòó sí nínú tiwa. Mo gbé orí mi sókè. Orí mi kò kan nǹkan kan. Mo jókòó síbẹ̀ pẹ́.

Ìgbà tí mo jáde, Bàbá Gárúbà dúró ti ọkọ̀ wa. “Òpó ọkọ̀, irin kan ṣoṣo ni láti ìsàlẹ̀ dé òkè,” ó ní. “Àwọn tó ṣe é mọ̀ pé ọjọ́ kan lè wà tí ọkọ̀ yóò fi orí rìn. Bí o bá gé e, kò sí bí o ṣe jó o tó, kò lè rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹ tún wá gbé iṣu lé e.” Ó mi orí. “Ta ló gé orí ọkọ̀ yìí fún yín?”

“N kò mọ̀, Bàbá.”

Ó fi ìka pa ẹ̀gbẹ́ pọ́tì náà. “Ẹni tó fá èyí, ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ju tèmi lọ. Mo ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí, n kò rí irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni yẹn gan-an ló burú jù. Bí ojú ibi tí wọ́n ti jó o bá hàn, ẹnì kan á ti rí i ní gárééjì. Á ní, èmi ò wọ èyí.”

Mo kó ọwọ́ mi méjèèjì sábẹ́ ìró tí Àdámá fi yá mi.

Ilé

Ẹ wà níbẹ̀ nígbà tí a sin Dúpẹ́, n kò ní kọ ìyẹn. Ẹ kí mi kú ewu, ẹ ṣeun. Ẹ ní táyà àlòkù ni, ẹ ní ayé ni, ẹ ní àkókò rẹ̀ ló tó. N kò gbọ́ kí ẹnì kan dárúkọ orí ọkọ̀.

Ìyá mi bi mí léèrè ohun kan ṣoṣo. “Ṣé ó sọ nǹkan kan kí ó tó lọ?”

Mo ní, “Ó ní òun fẹ́ sùn.”

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní kí n wá jẹ́rìí oore Ọlọ́run. Mo dúró níwájú. Mo fẹ́ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, Ọlọ́run gbọ́. Mo ti tò ó jọ lọ́kàn, ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni: “Orí ọkọ̀ ló pa á, èmi ni mo bo ojú rẹ̀.” Mo la ẹnu, omi ló ń bọ́ lójú mi. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi. Ẹ rò pé ọpẹ́ ló pọ̀ jù mí lọ. Mo padà lọ jókòó.

Bí mo ṣe padà sí ṣọ́ọ̀bù lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, bọ́ọ̀sì pupa kan wà níbẹ̀. Bàbá mi ti gbé orí rẹ̀ ga. Ó ti jó àwọn òpó rẹ̀, ó ti fi pọ́tì bò wọ́n. Fífá ló kù. Bàbá mi ti gbẹ nígbà yẹn, ẹ ti rí i, ojú rẹ̀ wọ inú.

“Ìyá mi,” ó ní, “olówó rẹ̀ ń bọ̀ lọ́la. N kò fẹ́ yọ ọ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò sẹ́lòmíràn tó ní ọwọ́ rẹ.”

Mo sọ fún un. Ó lé ní wákàtí kan kí n tó lè sọ ọ́ tán, torí mo ń dúró, mo ń bẹ̀rẹ̀. Mo sọ ti òpó tó yọ, mo sọ ti bọ́ọ̀sì funfun, mo sọ ibi tí mo ní kí Dúpẹ́ jókòó sí. Ó ń wo ilẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti jogún wíwo ilẹ̀.

Nígbà tó yá ó ní, “Ṣé ohun tí ò ń sọ ni pé èmi ni mo pa ọmọ mi?”

“Rárá, Bàbá. Èmi ni.”

“Má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Má tún jẹ́ kí n gbọ́ ọ.” Ó dìde, ó tún jókòó. “Ta ni yóò wọ ọkọ̀ tó ń kan èèyàn lórí? Bí n kò bá gé e, ẹni tó wà nísàlẹ̀ títì yóò gé e. Yóò tún jó o burúkú ju tèmi lọ. Kí ni mo fẹ́ ṣe, Yétúndé? Kí ni mo mọ̀ ọ́n ṣe?”

Òótọ́ ló sọ. Kò pè mí ní Ìyá mi mọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó wọlé lọ sùn, mo sì mọ̀ pé bọ́ọ̀sì pupa náà yóò jáde, pé ẹnì kan yóò gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé òpó rẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kí bàbá mi tó jí, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Mo mú ọ̀bẹ àti sáńpépà tó le jù, èyí tí a fi ń họ ìpẹtà. Mo bẹ̀rẹ̀ láti òpó ọwọ́ òsì, lẹ́yìn àga dẹ́rẹ́bà. Mo họ pọ́tì náà kúrò títí ojú ibi tí bàbá mi ti jó irin náà fi yọ síta, dúdú, ó wú, ó rí gbágungbàgun. Mo ṣe ìkejì. Mo ṣe gbogbo wọn yí ọkọ̀ náà ká, títí ẹni tó ń kọjá lójú títì fi lè rí i láìbèèrè. Mo gbá eruku rẹ̀ jọ. Mo fọ ọwọ́ mi, mo jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ náà, mo ń dúró de olówó rẹ̀.